Ọta Kan Tó Ọdẹ

Ọ̀rọ̀ kan ti gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ń lo ìbọn atẹ́gùn nílùú Ìbàdàn débi pé ẹnikẹ́ni kì í bi ara rẹ̀ léèrè mọ́ bóyá òótọ́ ni. Wọ́n ní ìbọn tó bá ní magasíìnì, tó ń gba ọta mẹ́jọ, mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun nìbọn. Pé èyí tí à ń fọwọ́ mú ọta sí lọ́kọ̀ọ̀kan ti di ti ayé àtijọ́. Bí ẹ bá gba Ìdí-Arère kọjá nírọ̀lẹ́, yálà láti Bẹẹrẹ lẹ ti ń bọ̀ tàbí láti Ọjà'ba, tí ẹ sì bá àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìbọn níbi tí wọ́n gbé ń jiyàn, ohun tí ẹ ó gbọ́ lẹ́nu wọn nìyẹn. Ẹnìkan á na fóònù jáde, á fi fídíò òyìnbó kan hàn wọ́n. Òyìnbó náà ń fa irin kékeré kan sẹ́yìn, ó ń tì í síwájú, agolo ń ṣubú tẹ̀lé agolo. Àwọn yòókù á ní, "Ìbọn rè é!" Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Kò bùṣe lójú tèmi. Fún iṣẹ́ tí àwa ń fi ìbọn atẹ́gùn ṣe níbí, èyí tó ń gba ọta kan lẹ́ẹ̀kan ló péye jù, òun ló láàbò jù, òun náà ló sì bá àpò wa mu. Àwọn tó ń gbé magasíìnì gẹ̀gẹ̀ ń wá oògùn àrùn tí kò ṣe wọ́n. Ẹni tí ẹ̀gà ń jẹ àgbàdo rẹ̀ lóko lọ́nà Akánrán, ẹni tí ọ̀kẹ́rẹ́ ń da kòkó rẹ̀ láàmú, ẹni tí eku ń bá adìyẹ rẹ̀ jẹun lóru, kò sí èyí tí ìṣòro rẹ̀ jẹ́ pé ọta òun kò yá tó. Ìṣòro gbogbo wọn ni pé ọta wọn kì í ba ohun tí wọ́n yìn ín sí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìbọn náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀, kò sí iná, kò sí èéfín. Atẹ́gùn tí a há mọ́ ibì kan ló ń ti ọta jáde. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni onísípíríǹgì: a ó ṣẹ́ ọ̀pá ìbọn náà wálẹ̀, sípíríǹgì inú rẹ̀ á fún pọ̀, ihò ọta á ṣí sílẹ̀, a ó fi ọta kan síbẹ̀, a ó sì dá ọ̀pá padà sáyè rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Diana ti ilẹ̀ Jámánì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1890, lókìkí nídìí irú ìbọn yìí. Èkejì ni alágbá: ó ní àgbá kékeré kan lára tí à ń fi pọ́ǹpù fa atẹ́gùn sí títí yóò fi tó 200 bar, nígbà tí táyà mọ́tò kì í sábà ju 2 bar àbọ̀ lọ. Ọta kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ, òjé rírọ̀ tí orí rẹ̀ yípo, tí ìbàdí rẹ̀ fún, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó sì ṣófo. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ mìlímítà 4.5 tàbí 5.5 ní fífẹ̀. Èyí tó kéré nínú méjèèjì kò wọ̀n ju bí ìdajì gíráàmù lọ.

Ní ti onísípíríǹgì, magasíìnì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwàdà. Ẹ ó ṣẹ́ ìbọn náà kí ẹ tó yìn ín, ẹ ó sì tún un ṣẹ́ kí ẹ tó yìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí bí ẹ ṣe lè sá fún un, nítorí apá yín ni agbára ìbọn náà ti ń wá. Ilé-iṣẹ́ Gamo ti ilẹ̀ Sípéènì ṣe irú rẹ̀ kan tí wọ́n pè ní Swarm, tí magasíìnì rẹ̀ ń gba ọta mẹ́wàá. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, ẹni tó ṣe é kò gọ̀. Ṣùgbọ́n kí ló bá yín dín kù? Ìwọ̀nba ìgbà tí ẹ fi ń mú ọta látinú agolo sínú ihò rẹ̀ ni, ìyẹn kò sì ju ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn. Ẹyẹ tí kò lè dúró dè yín kí ẹ fi ọta sí i, ṣé yóò dúró dè yín kí ẹ ṣẹ́ ìbọn? Ẹ̀gà tó bá gbọ́ dídún ìbọn ti gbéra, òun àti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ti bọ́ sórí ọ̀pẹ kejì, ibẹ̀ ni wọn yóò ti máa bú yín.

Ní ti alágbá, mo gbà pé àwọn tó fẹ́ magasíìnì ní ẹnu ọ̀rọ̀ díẹ̀. Wọ́n á fa irin sẹ́yìn, wọ́n á tì í síwájú, ọta mìíràn ti wọlé. Ó yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn inú àgbá ní ìwọ̀n. Bí ẹ ṣe ń yìn ín ló ń dín kù, nígbà tó bá sì dín kù kọjá ibì kan, ọta á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sísàlẹ̀ ibi tí ẹ fojú sùn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù ló ń kọ́kọ́ débẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku pọ́ǹpù ọwọ́, àfi fún ẹni tó bá ra ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná, ẹ̀yin náà sì mọ ìṣe iná mànàmáná ní Ìbàdàn. Mo ti rí ọmọkùnrin tó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ da ọta nù sára ògiri, tó wá bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀ tó ń làágùn nídìí pọ́ǹpù títí oòrùn fi wọ̀. Kò pa nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ẹyẹ kan kò tilẹ̀ bẹ̀rù rẹ̀ mọ́.

Ẹni tó bá sì rò pé ọ̀làjú tuntun ni magasíìnì lára ìbọn atẹ́gùn jẹ́, kí ó wo ẹ̀yìn wò. Nǹkan bí ọdún 1780, àwọn ọmọ ogun Austria ti ń lo ìbọn atẹ́gùn kan tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Girardoni ṣe. Páìpù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń gba bí ogún ọta, àgbá atẹ́gùn rẹ̀ sì wà ní ìdí ìbọn. Kí àgbá kan tó kún, ọmọ ogun gbọ́dọ̀ fa pọ́ǹpù ní ìgbà tó tó 1,500. Awọ ni wọ́n fi ń dí ojú ibi tí atẹ́gùn lè gbà jò. Bí awọ náà bá gbẹ, atẹ́gùn á sá lọ. Ìbọn náà yá, ó yá ju ìbọn ẹ̀tù tí àwọn ọmọ ogun ìgbà ayé rẹ̀ ń lò lọ, síbẹ̀ kí ọdún 1815 tó parí, àwọn ọmọ ogun ti pa á tì, nítorí pé àtúnṣe rẹ̀ le, ó sì ń fẹ́ ẹni tí a kọ́ dáadáa. Lewis àti Clark mú irú ìbọn atẹ́gùn ọlọ́ta-púpọ̀ kan dání nígbà tí wọ́n rìn la Amẹ́ríkà kọjá láàárín 1804 sí 1806. Ohun tí wọ́n fi í ṣe jù ni pé wọ́n ń yìn ín níwájú àwọn onílẹ̀ kí ẹnu lè ya wọ́n. Iṣẹ́ tí fídíò orí fóònù ń ṣe ní Ìdí-Arère lónìí náà nìyẹn.

Ọta fúnra rẹ̀ ló yẹ ká wò wàyí, nítorí òun ló ń pẹran, kì í ṣe ìbọn. Mo ti sọ pé òjé rírọ̀ ni. Ètè ìdí rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́; bí èékánná bá tẹ̀ ẹ́ gidi, ó lè wọ́. Ètè yẹn ló ń fẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn bá lù ú láti ẹ̀yìn, tó ń di ihò ìbọn pa, tó sì ń mú ọta yí bí ó ti ń jáde lọ. Bí apá kan rẹ̀ bá wọ́, ọta á wọ́ lójú ọ̀nà pẹ̀lú. Ẹ wá ronú agolo ọta tó ti bá ọ̀kadà jó láti Mápó dé oko. Ẹni tó ń fi ọta sí i lọ́kọ̀ọ̀kan á mú ọ̀kan, á wò ó, ìka rẹ̀ á yí i wò. Bí kò bá dára, á jù ú nù, á mú òmíràn. Nígbà tó bá tì í sínú ihò, ìka kan náà á sọ fún un bóyá ó wọlé dáadáa tàbí ó dábùú.

Wọ́n á dá mi lóhùn pé, "Ṣebí ọwọ́ náà la fi ń to ọta sínú magasíìnì?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ọwọ́ lẹ fi tò ó sínú magasíìnì, ṣùgbọ́n irin ló ń tì í sínú ìbọn. Ihò magasíìnì gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ihò ìbọn pátápátá. Bí ohun tó ń yí magasíìnì bá ti jẹ díẹ̀, tàbí tí eruku wọ̀ ọ́, tàbí tí rọ́bà rẹ̀ gbẹ, ọta á fi ètè gbá etí ihò, òjé díẹ̀ á bó lára rẹ̀, irin á sì tì í wọlé pẹ̀lú ọgbẹ́ náà. Irin kò mọ nǹkan kan. Ẹni tó di ìbọn mú kò ní mọ̀ pẹ̀lú, yóò kàn máa bú ojú rẹ̀, yóò máa bú afẹ́fẹ́, yóò máa yí awò orí ìbọn sọ́tùn-ún sósì.

Àwọn tó ń fi ìbọn atẹ́gùn du àmì-ẹ̀yẹ wúrà mọ èyí tipẹ́. Láti ìdíje Olímpíìkì Los Angeles ní 1984 ni ìbọn atẹ́gùn oní mítà 10 ti wà lára eré náà. Àárín ibi tí wọ́n ń fojú sùn, èyí tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 10, kò ju ìdajì mìlímítà lọ. Ọta 60 ni wọ́n ń yìn ní ìṣẹ́jú 75, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì ń fi ọwọ́ sí lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí òfin eré náà ni pé ìbọn ọlọ́ta-kan nìkan ni wọ́n lè gbé wá. Mo mọ̀ pé ẹni tó gbọ́n á ní òfin ló dè wọ́n. Á tún mẹ́nu kan àwọn tó ń fi pátákó ẹsẹ̀ sáré lórí yìnyín tí wọ́n sì ń yìnbọn, pé ìbọn tiwọn ní magasíìnì ọlọ́ta márùn-ún. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn ń bá aago sáré, ìbọn ẹ̀tù ni wọ́n sì ń lò, tí ọta rẹ̀ wà nínú agolo idẹ líle. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ lórí kòkó kò bá ẹnikẹ́ni sáré.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù ni ti ààbò, n kò sì ní fi ẹ̀rín sí i. Ẹ̀yin tó mọ Ìdí-Arère mọ bí ilé ṣe fara kan ilé níbẹ̀. Òrùlé pánù kan gun èkejì lórí, ojúlé ẹnìkan ni ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn, àwọn ọmọdé ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ agbo-ilé kan já sí òmíràn láti òwúrọ̀ dalẹ́. Inú irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé ìbọn atẹ́gùn kọ́ ara ògiri, tí wọ́n ń ní "ìbọn ẹyẹ lásán ni." Kíkéré labẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ní Glasgow, ní 2005, ọmọ ọdún méjì kan kú nípa ọta ìbọn atẹ́gùn tó bà á lórí. Ọ̀rọ̀ náà jó ìlú lára débi pé láti ìparí ọdún 2016, ẹnikẹ́ni kò lè ní ìbọn atẹ́gùn tó lágbára díẹ̀ ní Scotland láìgba ìwé àṣẹ. Ojú tí ọta báyìí bá wọ̀, kò sí dókítà tó lè ṣèlérí pé yóò ríran mọ́.

Ìbọn tí à ń ṣẹ́ kò lè purọ́ fún yín. Ẹ ṣẹ́ ẹ, ẹ wo ihò rẹ̀, bí ọta bá wà níbẹ̀ ẹ ó rí i, bí kò bá sí ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ láti òdìkejì. Onímagasíìnì ń purọ́, ọ̀nà méjì ló sì ń gbà á. Ẹ yọ magasíìnì kúrò, ọkàn yín balẹ̀ pé ìbọn ti ṣófo, ẹ gbé e fún ọmọ àbúrò yín pé kó fi í pamọ́. Ọta kan ṣì wà nínú ọ̀pá, èyí tí irin ti tì wọlé kí ẹ tó yọ magasíìnì. Ọ̀nà kejì: ẹ fa irin, ẹ tì í, ẹyẹ fò lọ, ẹ kò yìn ín. Nígbà tí ẹyẹ mìíràn bà, ẹ gbàgbé, ẹ tún fa irin, ẹ tún tì í. Lára ọ̀pọ̀ ìbọn alágbá, kò sí ohun tó dí ọta kejì lọ́wọ́ láti tẹ̀lé àkọ́kọ́. Ọta méjì ti wà nínú ọ̀pá kan. Bí ẹ bá yìn ín, ó lè há síbẹ̀, ó lè jáde kó bọ́ sí ibi tí Ọlọ́run nìkan mọ̀. Wọ́n á ní ẹni tó ní làákàyè kò ní gbàgbé. Èmi kò tíì rí ẹni tí kì í gbàgbé nǹkan lóko lágogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ kan, tí ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́ lọ́rùn.

Magasíìnì kan tún wà tó jẹ́ pé bí ọta inú rẹ̀ bá tán, kò ní dá yín dúró. Ẹ óò máa yìn ín lọ lófìfo. Bí ó bá jẹ́ onísípíríǹgì, ohun tó wà nínú rẹ̀ tó ń ti atẹ́gùn á sáré lọ forí sọ irin láìsí ọta tí yóò mú un rọra dúró, bẹ́ẹ̀ ni sípíríǹgì ṣe ń kú lójijì.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà kan tó gbè sẹ́yìn àwọn ọ̀dọ́ yóò sọ, nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Wọ́n á ní, "Ọmọ Ìbàdàn ni ọ́, o wá ń sọ pé ká máa fi ọta kan kan ṣeré? Ṣé o ti gbàgbé Kírìjí ni?" Ọ̀rọ̀ ńlá ni wọ́n sọ yẹn, kò sì yẹ kí á fò ó dá.

Ní ogun Kírìjí, láti 1877, àwọn jagunjagun Ìbàdàn tí Ààrẹ Látòósà kó lọ dojú kọ àwọn Èkìtìparapọ̀ tí Ògèdèǹgbé Ìjẹ̀ṣà àti Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí wà níwájú wọn. Ìbàdàn pàgọ́ sí ẹ̀gbẹ́ Ìgbájọ, àwọn yẹn pàgọ́ sí ẹ̀gbẹ́ Ìmẹ̀sí-Ilé. Ṣakabùlà ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tiwa, ìbọn tí à ń ki ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu, tí à ń fi ọ̀pá gún un wọlé kí a tó fi iná sí i. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó bá tiwọn ra ìbọn òyìnbó, wọ́n fi í ránṣẹ́ sójú ogun. Ìbọn náà dá Ìbàdàn lágara. Ààrẹ Látòósà kú sínú àgọ́ ogun ní 1885, kò padà wálé mọ́. Láti ìgbà náà ni ó ti wọ inú ọ̀rọ̀ wa pé ìbọn tó yá ló ń borí.

Ṣùgbọ́n irú ìbọn wo gan-an ló dá wa lágara? Èyí tí ìtàn ń dárúkọ jù ni Snider, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1866. Kò ní magasíìnì. Ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi ọta kan sí i, ẹ dé e, ẹ yìn ín, ẹ tún ṣí i. Ọta kan lẹ́ẹ̀kan! Ọmọ ogun tó mọ̀ ọ́n lò lè yìn ín tó ìgbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ẹni tó ń ki ìbọn láti ẹnu kò ní tayọ bí ìgbà mẹ́ta. Ohun tó mú un yá ni pé ẹ̀yìn ni ọta ń gbà wọlé. Ohun tó mú un péye ni pé wọ́n gbẹ́ ìlà yíyí sínú ọ̀pá rẹ̀ tó ń mú ọta yí lọ tààrà. Ìbọn atẹ́gùn ọlọ́ta-kan tí mo ń gbèjà rẹ̀ yìí ní méjèèjì: ẹ̀yìn ló ń gba ọta, ìlà yíyí sì wà nínú ọ̀pá rẹ̀. Ẹni tó bá fi Kírìjí bá mi jà, ọwọ́ mi ló fi idà sí. N kò ní ká padà sídìí kíkì láti ẹnu. Ṣakabùlà ti ṣe tirẹ̀.

Wọ́n tún lè sá lọ sí Ìmàgbọn, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìbọn Maxim wó ogun Ìjẹ̀bú lulẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1892. Maxim ń jẹ ọta láìdúró, òótọ́ ni, Ìjẹ̀bú kò sì lè dúró níwájú rẹ̀ bí wọ́n ti láyà tó. Àwọn ọmọ ogun tó ń rọ́ bọ̀ lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún ni wọ́n kọjú rẹ̀ sí. Bí ẹ̀gà Akánrán bá kó ogun jọ tí wọ́n ń rọ́ bọ̀ wá gba Mápó, èmi náà á ní kí a lọ ra Maxim.

Ọdẹ tó dàgbà nídìí ṣakabùlà mọ ohun kan tí onímagasíìnì kò ní àǹfààní láti kọ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá yìn ín tí kò bà, ẹran ti lọ, òun yóò sì tún jókòó ki ìbọn fún ìgbà pípẹ́. Nítorí náà ó ń rìn sún mọ́ ọn, ó ń wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ó ń dúró títí ẹran yóò fi dábùú, kò sì ní yìn ín sí ohun tí kò rí kedere. Ìbọn atẹ́gùn ń fẹ́ irú sùúrù yìí ju ìbọn ẹ̀tù lọ, nítorí agbára rẹ̀ kéré. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò lè pa ọ̀yà; àdàbà, ẹ̀gà, ọ̀kẹ́rẹ́ àti eku ni tiwọn, orí tàbí àyà ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ bà. Ẹni tó mọ̀ pé ọta mẹ́sàn-án ṣì wà lẹ́yìn èyí tó wà lẹ́nu á yìn ín kí ojú tó bá a dọ́gba. Ó ba ìyẹ́, ẹyẹ fò lọ kú sínú igbó, kò bọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni yóò yin mẹ́ta tẹ̀lé e lásán. Ẹ wo ilẹ̀ ibi tí irú wọn bá ti ṣeré, ẹ ó kó òjé níbẹ̀ tó láti fi ṣe okòwò.

Ọ̀rọ̀ òjé yìí, mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tó ta kò mí. Ẹni tó ń fi ọta sí i lọ́kọ̀ọ̀kan ń fọwọ́ kan òjé nígbà gbogbo, àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń há a mẹ́nu kí ọwọ́ wọn lè ráyè. Ẹ jáwọ́ nínú ìyẹn. Òjé kan náà ni eruku rẹ̀ pa ọmọdé tó kéré tán 400 ní ìpínlẹ̀ Zamfara lọ́dún 2010, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, ẹ sì gbé agolo ọta jìnnà sí ọmọdé. Mo tún gbà pé bàbá àgbà tí ọwọ́ ń gbọ̀n lè ṣòfò ọta púpọ̀ sílẹ̀ kí ọ̀kan tó wọ ihò, pé ẹni tó ń pa eku nínú ilé adìyẹ lóru lè rí èrè díẹ̀ nínú magasíìnì, nítorí òkùnkùn kì í jẹ́ kí a rí ihò dáadáa. Àwọn wọ̀nyí ní àwíjàre. Àwọn tó ń pariwo jù ní Ìdí-Arère kò sí lára wọn: ọwọ́ wọn dúró ṣinṣin, ojú wọn mọ́ kedere, ọ̀sán gangan ni wọ́n sì ń yìnbọn.

Ti àpò kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Magasíìnì jẹ́ ike, sípíríǹgì tín-ín-tín àti rọ́bà tín-ín-tín. Bí èyíkéyìí bá bàjẹ́, Ọjà'ba tó ń ta ohun gbogbo kò ta á, ẹni tó ń tún táyà ṣe kò ní rọ́bà tó bá a mu, ẹ ó sì máa retí ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Ìbọn ọlọ́ta-kan kò ní magasíìnì tó lè bàjẹ́ níbi tí ọta ń gbà wọlé.

Òfin ńkọ́? Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 dárúkọ ìbọn atẹ́gùn láàárín àwọn ìbọn tí ẹnìkan kò lè ní láìgba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá. Kò yọ onímagasíìnì sọ́tọ̀ nínú ìbọn atẹ́gùn, n kò sì ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin kan náà ń ka ìbọn ọdẹ ẹlẹ́tù tí aráàlú lè gba ìwé àṣẹ fún, ó yọ àwọn tó ní ohun èlò tó ń fúnra rẹ̀ gbé ọta wọlé kúrò. Àwọn tó kọ ọ́ rí ìyàtọ̀ láàárín ìbọn tí ènìyàn ń fọwọ́ bọ́ àti ìbọn tó ń bọ́ ara rẹ̀. Ọlọ́pàá tó bá yín pàdé lójú ọ̀nà oko náà á rí i, kò sì dájú pé yóò dúró gbọ́ àlàyé yín pé atẹ́gùn ló wà nínú tiyín.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ìbọn atẹ́gùn, ẹ kọ́kọ́ lọ gba ìwé àṣẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra èyí tó ń gba ọta kan, ẹ sì fi owó tó bá ṣẹ́ kù ra ọta gidi. Ẹni tó bá sì ti ra alágbá onímagasíìnì ná, kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un bóyá àwo ọlọ́ta-kan wà fún un. Ọ̀pọ̀ ìbọn alágbá ló ní irú rẹ̀, ibi tí magasíìnì ń wọ̀ ni wọ́n ń fi í sí. Kí ó fi àwo náà síbẹ̀, kí ó sì gbé magasíìnì sínú àpótí.